Adétòkunbọ̀ Kì Í Ṣe Ọmọ Wa ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Nìkan

Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2021, ọkùnrin kan tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìgbò, dá nìkan gba àmì 50 fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ tí Milwaukee Bucks gba ife-ẹ̀yẹ NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó tóbi jùlọ láyé. Láti ọdún 1971 ni ẹgbẹ́ náà ti gba irú ife bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan náà ló gba orí ẹ̀rọ ayélujára: ọmọ wa ni.

Bí a bá wo orúkọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Antetokounmpo tí gbogbo ayé ń kólòlò lé lórí kò ju Adétòkunbọ̀ lọ. Èdè Gíríìkì òde òní kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ìró “d” tàbí “b” bí Yorùbá ṣe ń pè wọ́n. Ńṣe ni wọ́n ń so lẹ́tà méjì pọ̀ dípò ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wá dá orúkọ náà padà sí ọwọ́ ìkọ̀wé Òyìnbó, ó ti di ohun tí onílé kò dá mọ̀ mọ́. Láàárín Giannis àti Adétòkunbọ̀, orúkọ méjì mìíràn tún wà: Ṣínà àti Ugo. Ọ̀kan wá láti ilé baba, èkejì láti ilé ìyá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn òbí rẹ̀ wo ilé méjèèjì.

Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ló máa ń sọ pé ọmọ tó dára ni ti baba, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, òótọ́ inú rẹ̀ sì korò. Ẹni tó bá ń pariwo “ọmọ wa” gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan: ọmọ ta ni ọkùnrin yìí kí ó tó gba ife?

Ọdún 1991 ni Charles àti Veronica, òbí rẹ̀, kúrò ní Èkó lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì. Wọ́n fi Francis, àkọ́bí wọn, sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òbí àgbà ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún 1994 ni wọ́n bí Giannis ní ìlú Athens, àdúgbò Sepolia ni ó sì gbé dàgbà. Òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ń kiri aago, báàgì àti awò ojú ní ìgboro kí ilé lè rí oúnjẹ jẹ. Bàtà kan náà ni òun àti Thanasis, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jọ ń pín lò láti fi gbá bọ́ọ̀lù. Ilé ìwé Gíríìsì ló lọ, èdè Gíríìkì ló ń sọ, síbẹ̀ òfin ilẹ̀ náà kò kà á sí ọmọ ibẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni òfin náà ń wò, kì í wo ibi tí a bí ọmọ sí.

Nàìjíríà ńkọ́? Abala 25 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ka ọmọ tí a bí sí òkè òkun kún ọmọ Nàìjíríà bí baba tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nínú ìwé òfin, ọmọ wa ni Giannis. Ní ọwọ́ rẹ̀, kò sí ìwé kankan tó fi í hàn bẹ́ẹ̀. Títí ó fi pé ọmọ ọdún 18, ó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjì bí àdán tí kò ṣe eku, tí kò ṣe ẹyẹ. Kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìnrìn-àjò kọjá ààlà, nítorí kò ní ìwé ìrìnnà.

Nígbà tó wá di pé àwọn ẹgbẹ́ NBA ti ń fojú sí i lára, ìwé tí kò ṣeé rí láti ọdún yìí wá yọjú. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún ọdún 2013 ni Gíríìsì sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ 49 lẹ́yìn náà, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ti ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́dọọdún, Milwaukee Bucks mú un ní ipò 15. Ọmọ Sepolia tó wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin náà ló wà níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. Èrè tí wọ́n rí lára rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà tí olórí ìjọba Gíríìsì, Antonis Samaras, gbà á lálejò pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ni Nikolaos Michaloliakos, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Golden Dawn, fi í wé ìnàkí lórí tẹlifíṣàn. Lẹ́yìn náà ni ó di agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jùlọ ní NBA ní ọdún 2019 àti 2020. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Paris ní ọdún 2024, òun àti Antigoni Drisbioti ni wọ́n gbé àsíá Gíríìsì ṣíwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọmọ tí kò ní ìwé ló wá di ẹni tó ń gbé àsíá.

Ó rọrùn láti jókòó sí Èkó kí a máa bú Gíríìsì. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó kọ́kọ́ gba Apapa kọjá sí Ajégúnlẹ̀.

Èbúté ọkọ̀ òkun wà ní Apapa. Ajégúnlẹ̀ tó múlé tì í ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ru ẹrù, tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé, tó ń se oúnjẹ tà fún òṣìṣẹ́ èbúté ń sùn sí. Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Hausa, Ẹ̀dó àti Yorùbá ló jọ ń gbé ibẹ̀ láti ìran dé ìran. Orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: ajé ló gúnlẹ̀ síbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó bi ajé léèrè ìlú tí ó ti wá kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń bi. Ẹ wo ọmọ Ùròbò kan tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tí wọ́n bí baba rẹ̀ pàápàá síbẹ̀. Yorùbá àdúgbò ló fi ń ṣeré, ilé ìwé ìjọba Èkó ló lọ. Lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ìwé yóò bi í léèrè ìpínlẹ̀ tí ó ti wá àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọ Èkó. Delta tí kò sùn mọ́jú rí ni yóò kọ. Bí ó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba, àfi kí ó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ ní ìlú tí kò ti mọ ẹnì kan. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń pín fún akẹ́kọ̀ọ́ kò kàn án, nítorí ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Bí ó bá sì dé Delta, ará Èkó ni wọn yóò máa pè é. Àdán mìíràn rè é, ní Èkó níhìn-ín, kì í ṣe ní Athens.

Òfin ló sì bí i. Abala 318 nínú ìwé òfin sọ pé kí ẹnì kan tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan, ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ tàbí òbí rẹ̀ àgbà gbọ́dọ̀ jẹ́ ará àwùjọ tó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni Nàìjíríà náà ń wò. Lóòótọ́, abala 15 sọ pé kí ìjọba rí i dájú pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ ní kíkún láti gbé ibikíbi tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n orí kejì ìwé òfin ni ọ̀rọ̀ náà wà, abala 6 kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Gíríìsì tí à ń bú tilẹ̀ ti ṣe òfin kan ní ọdún 2015 tó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ọmọ àlejò tí wọ́n bí síbẹ̀, tó sì lọ ilé ìwé níbẹ̀, láti di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní Nàìjíríà, nígbà tí Benjamin Kalu, igbákejì olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, gbé àbá òfin wá ní ọdún 2025 pé kí ẹni tó ti pẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan lè di ọmọ ibẹ̀, ariwo tí wọ́n pa lé e lórí pọ̀ débi pé ó yọ àbá náà kúrò nílẹ̀.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí kì í mọ ọmọ rẹ̀ bí ọmọ náà bá di olókìkí. Ajégúnlẹ̀ ni Odion Ighalo dàgbà sí. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ìdílé rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ó wọ aṣọ Manchester United ní ọdún 2020, kò sí ará Èkó tó ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ wá kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn obìnrin Nàìjíríà, D’Tigress, náà ń kọ́? Òun ni ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú ìdíje Òlíńpíìkì, ní Paris. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ni wọ́n bí tàbí tọ́ dàgbà ní Amẹ́ríkà. Ayọ̀ wọn yẹ gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwà wo ni pé ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà di ọmọ onílẹ̀ ní ọjọ́ kan, tí ọmọ tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀ sì ń jẹ́ àlejò títí di ọjọ́ ogbó?

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tún sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Gbadebo Rhodes-Vivour díje fún ipò gómìnà Èkó. Ọmọ Èkó ni baba rẹ̀, ọmọ Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò dìbò fún un ló ṣe é nítorí ẹ̀yà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn olùdíje mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹnu tó sọ pé ìyá Ìgbò ti ba ẹ̀jẹ̀ Yorùbá rẹ̀ jẹ́ kò kéré, ní àwọn ibùdó ìdìbò kan ní Èkó sì rèé, wọ́n fi ẹ̀yà dẹ́rù ba olùdìbò. Ilé baba àti ilé ìyá tí Adétòkunbọ̀ ti wá kò yàtọ̀ sí ti ọkùnrin yìí. Ẹni tó bá pe ọ̀kan ní ọmọ Yorùbá, tó pe èkejì ní àjèjì, kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀. Ife ló rí lọ́wọ́ ọ̀kan, ìbò ló bẹ̀rù lọ́wọ́ èkejì.

Àwọn kan yóò ní: bí gbogbo ènìyàn bá di ọmọ Èkó, kí ló kù fún onílẹ̀? Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àwàdà, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Oyè ọba, ilẹ̀ ẹbí àti orò ìdílé kò sí nínú ohun tí à ń sọ. Wọ́n ní ẹni tó ni wọ́n, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n. Ohun tí à ń sọ ni ilé ìwé, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ìjọba àti pápá ìṣeré. Owó orí ni wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀nyí, agbowó-orí kì í sì béèrè ìlú ẹni kí ó tó gbà á. Ẹni tó bá àwọn ará ilé dá owó ọbẹ̀, tí wọ́n ní kí ó dúró síta nígbà tí wọ́n ń bu oúnjẹ, kì í ṣe àlejò. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni.

Àwọn ọmọ Yorùbá gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ èyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n ń sọ èdè ibẹ̀, di ẹrù lórí, wọ́n sì ń bọ̀ wá sí ìlú tí wọn kò dé rí. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana. Títí di òní, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí baba ńlá rẹ̀ sí Jos kò tíì di ọmọ Plateau. Ohun tí ó dùn wá ní Jos kò lè di ohun tó dára ní Èkó.

Ohun tó gbé Giannis ga kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan. Olùkọ́ kan, Spiros Velliniatis, rí i ní ìgboro Sepolia, ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ wá iṣẹ́ kí àwọn ọmọ lè ráyè gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ kékeré kan, Filathlitikos, gbà á wọlé láìní ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Níbi tí ìjọba ti ń béèrè ẹ̀jẹ̀, àwọn wọ̀nyí wo ọmọ.

Èkó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìdúró de Abuja. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣòfin pé ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, tàbí tó ka ìwé rẹ̀ níbẹ̀ láti kékeré, lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìpínlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn àti Apapa ní pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọdé ju kí ó bọ́ sí pápá lọ. Kí àwọn aṣòfin ní Abuja tún gbé abala 318 yẹ̀ wò, láìka ariwo sí.

Ní Sepolia lónìí, àwòrán Giannis wà ní ilẹ̀ pápá tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn tó di olókìkí ni wọ́n yà á; kò sí ẹni tó ya ọmọ tó ń kiri awò ojú. Ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní, tí wọn kò tíì gba ife kankan. Ẹni tó bá fẹ́ pe Adétòkunbọ̀ ní ọmọ rẹ̀, àwọn yẹn ni kó kọ́kọ́ pè bẹ́ẹ̀.