Ìkánjú Ló Ń Mú Ẹran Le

Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń wá ẹran tì. Kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra láti Abidjan tó wọ ibẹ̀ ní ọdún 1954, ẹsẹ̀ ni àwọn darandaran fi ń da màlúù ilẹ̀ náà lọ sí Kumasi àti sí etí òkun. Títí di àsìkò yìí, lára màlúù wọn ni wọ́n ń pa jẹ ní Ghana, ní Côte d'Ivoire, ní Togo àti ní Benin. Ṣùgbọ́n ohun ìyanu kan wà níbẹ̀ tí kò yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn tàbí ti Èkó. Ẹran tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà lọ́jà, tó gbé ka iná nílé, yóò le koko bí awọ bàtà. Bí ẹni kan náà bá wọ ilé oúnjẹ ńlá láàrin ìgboro, tí wọ́n sì gbé ègé ẹran tí àwọn Faransé ń pè ní bifteck, tí àwa mọ̀ sí sítéèkì, ka iwájú rẹ̀, ọ̀bẹ yóò wọ inú rẹ̀ láìjanpata. Yóò sanwó gọbọi, yóò sì máa ròyìn alásè ibẹ̀ kiri bí ẹni tó ní àwúre.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí àwúre kankan níbẹ̀. Àkókò ni wọ́n fún ẹran tiwọn. Àwa kì í fún tiwa.

Ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí o. Ní alẹ́ ọjọ́ 15, oṣù Kínní, ọdún 2016, àwọn agbébọn ya bo ilé oúnjẹ Cappuccino àti Splendid Hotel ní òpópónà Kwame Nkrumah ní Ouagadougou. Ọgbọ̀n ènìyàn ni wọ́n pa. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, òpópónà yẹn kan náà ni wọ́n tún ti kọlu ilé oúnjẹ Aziz Istanbul, àwọn tó kú níbẹ̀ sì lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó jókòó ti oúnjẹ alẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, pẹ̀lú ọmọ, pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn irú nǹkan báyìí, ta ni yóò fẹ́ gbé aya rẹ̀ jáde lálẹ́ lọ jẹun tí kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì? Nítorí náà, bí ọkọ tàbí aya kan bá ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ilé ìtura nínú ilé òun, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Orí màlúù ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Màlúù Sahel, èyí tó ní iké lẹ́yìn, kì í ṣe màlúù inú ọgbà tí wọ́n ń bọ́ ní ọkà títí ọ̀rá yóò fi hù láàrin ẹran ara rẹ̀. Arìnrìn-àjò ni. Koríko ló ń jẹ, ó ń rìn lọ sídìí omi, ó ń rìn bọ̀, wọn kì í sì í sábà tètè pa á. Gbogbo ibi tó fi ń ṣiṣẹ́ ní ara rẹ̀, ìyẹn itan, apá àti ọrùn, ló máa ń le. Ibi tí kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀ ni ọ̀já ẹran tó sùn gbọọrọ sábẹ́ egungun ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní filet, àti èyí tó wà láàrin egungun ìhà, tí wọ́n ń pè ní entrecôte. Méjèèjì yìí ni kí ẹ ní kí alápatà gé fún yín, kí ó sì nípọn tó ìka méjì. Bí ó bá gbé àáké, tó fẹ́ gé e mọ́ egungun bí ẹran ọbẹ̀, ẹ tètè dá a dúró.

Ibi tí ìkánjú wa wà gan-an ni mo dé yìí. Àwa gbà pé ẹran tó dára ni èyí tó ṣì ń gbóná láti ibi tí wọ́n ti pa á. Ó tọ̀nà bí ó bá jẹ́ pé ọbẹ̀ la fẹ́ fi se, tí yóò hó fún wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n bí màlúù bá kú, láàrin wákàtí díẹ̀ ara rẹ̀ yóò gan, gbogbo fọ́nrán ẹran yóò sún kì. Ó di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú, nítorí àwọn èròjà kan wà nínú ẹran fúnra rẹ̀ tó máa ń já fọ́nrán wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀. Ní Yúróòpù, wọ́n lè fi ẹran màlúù kọ́ sínú yàrá òtútù fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nítorí èyí nìkan. Àwa ń rà á láàárọ̀, a ń dín in lọ́sàn-án, a wá ń bú alápatà nírọ̀lẹ́. Èyí tó tún burú jù ni ti àwọn tó ń sọ ẹran gbígbóná sínú fírísà lójú ẹsẹ̀. Ẹran tó bá dì kó tó gan, nígbà tí yìnyín ara rẹ̀ bá yọ́ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún ara rẹ̀ pọ̀, líle rẹ̀ yóò sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ẹran náà gbẹ, kí ẹ gbé e sórí àwo ní ìsàlẹ̀ fíríìjì, kí ẹ bò ó fẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ méjì, ó pẹ́ tán ọjọ́ mẹ́ta. Fíríìjì tó tutù dáadáa ni mo wí o. Nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ooru Ouagadougou máa ń tó ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí iná mànàmáná bá sì lọ tí kò dé, ẹran kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ bẹ́ẹ̀, ẹ yára fi ẹran se ọbẹ̀ kó tó bàjẹ́, kí ẹ gbàgbé sítéèkì.

Àwọn kan á ní ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n ńkọ́? Lóòótọ́ ni oje rẹ̀ ń rọ ẹran, ó sì dára fún ẹran itan tí a fẹ́ sè. Ṣùgbọ́n lára filet, ìta ẹran nìkan ni yóò sọ di jẹ́ẹ́jẹ̀ẹ̀jẹ́ bí ẹ̀kọ. Ẹ fi sílẹ̀.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni kí ẹ fi iyọ̀ pa á lára. Iyọ̀ yóò kọ́kọ́ fa omi jáde, omi náà yóò sì tún padà wọlé pẹ̀lú adùn. Kó tó dé orí iná, ẹ tún un nù gbẹ. Omi kì í gbóná kọjá ìwọ̀n 100 kó má di ooru, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú àti òórùn dídùn tí a ń wá lára ẹran díndín kì í jáde dáadáa àfi bí ojú ẹran bá gbóná tó ìwọ̀n 140 sókè. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní 1912. Àwọn tó ń sun súyà ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ láìka ìwé rẹ̀. Nítorí náà, páànù irin tó wúwo, èédú tó pọ́n dáadáa, òróró ẹ̀pà díẹ̀. Kí páànù gbóná títí tí òróró yóò fi fẹ́ máa rú èéfín kí ẹran tó kàn án. Ẹ lè yí i padà bó ṣe wù yín. Ohun tí wọ́n máa ń sọ pé iná líle ń dí ojú ẹran kí omi inú rẹ̀ má baà jáde, Justus von Liebig, onímọ̀ ará Jámánì, ló gbé e kalẹ̀ ní 1847, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ àti adùn ni iná líle wà fún. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná ni kí ẹ ju bọ́tà, aáyù àti ìyeré sí i. Bí wọ́n bá tètè wọlé, wọ́n á jóná.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Àwọn aláfẹ́ á ní sítéèkì tí inú rẹ̀ kò bá pupa bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti bà á jẹ́. Èmi kò bá wọn jiyàn nípa ti màlúù tí oníṣègùn ẹranko ti yẹ̀ wò finnífinní. Ṣùgbọ́n nínú ẹran ọjà tiwa, ọmọ aràn gígùn pẹlẹbẹ, èyí tó ń gùn bí okùn tẹ́ẹ́pù nínú ìfun ènìyàn, lè wà níbẹ̀ láìsí pé ojú rí i. Kí àárín ẹran náà dé ìwọ̀n 63, kó sì sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, ni àwọn aláṣẹ ètò oúnjẹ ní Amẹ́ríkà pàápàá fi lélẹ̀. Ẹni tí kò bá ní tẹmómítà, kí ó sè é títí omi tó ń jáde lára rẹ̀ kò fi ní pupa mọ́. Ẹran tó ti rí àkókò gbà nínú fíríìjì kò ní tìtorí èyí le.

Bí ẹ bá gbé e kúrò lórí iná, ẹ má gé e lójú ẹsẹ̀, kí omi rẹ̀ má baà dà sórí àwo. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ tó wá gé e ní ìbú, lódì sí bí fọ́nrán rẹ̀ ṣe tò. Ànàmọ́ díndín ni Faransé ń fi tì í, ṣùgbọ́n dùndún iṣu kò kéré sí i rárá. Ẹ̀wà tútù aláwọ̀ ewé tún wà, èyí tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Kongoussi létí adágún Bam, tí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ń fi bàálù kó lọ sí Paris, kí àwọn ará ibẹ̀ lè rí i jẹ nígbà òtútù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí rẹ̀, ẹ jẹ nínú rẹ̀.

Ẹran náà kò rọrùn láti rí bíi ti àtijọ́. Ọjà màlúù Djibo, ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù ní Sahel, ti rí ogun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni àwọn agbébọn ti dí ọ̀nà ìlú náà. Nígbà tó di 2023, àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé ní Burkina Faso ti ju mílíọ̀nù méjì lọ, àwọn darandaran sì pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá rí filet rà lónìí, ó yẹ kó mọ̀ pé màlúù náà gba ọ̀nà ewu kó tó dé orí tábìlì alápatà.

Ta ni yóò wá dáná? Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1984, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n yí orúkọ Upper Volta padà sí Burkina Faso, Thomas Sankara pàṣẹ pé kí àwọn ọkùnrin gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n sì se oúnjẹ fún ìdílé wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí àwọn obìnrin ń fi ojú rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ọkùnrin tó bá fẹ́ se ti sítéèkì yìí, ọjọ́ kan kò lè tó o. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ Sátidé ló fẹ́ gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló gbọ́dọ̀ ti wà níwájú alápatà.