Ọ̀rọ̀ Yíyá Kò Sọ Ni Di Ọmọ Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Alákọ̀wé kan ló ń fọwọ́ sọ̀yà lójú mi pé ẹ̀yà Súwídìn ni àwọn ará Fíńláǹdì, pé èdè wọn kò ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ẹ̀rí wo ló ní? Ó ní wọ́n yá äiti tí wọ́n ń pe ìyá, wọ́n sì yá kuningas tí wọ́n ń pe ọba. Ó ní ẹni tó yá orúkọ ìyá rẹ̀, kí ló tún kù tó jẹ́ tirẹ̀?

Òótọ́ ni pé wọ́n yá wọn. Ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí ni mi ò gbà.

Súwídìn ṣe ìjọba lórí Fíńláǹdì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, títí di 1809. Ṣùgbọ́n mor ni ará Súwídìn ń pe ìyá. Níbo wá ni wọ́n ti kó äiti fún ẹnikẹ́ni? Inú Bíbélì èdè Gọ́ọ̀tì, tí wọ́n tú ní ohun tó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn, la ti rí ìbátan rẹ̀: aithei. Gọ́ọ̀tì ti kú. Ẹni tó yá ọ̀rọ̀ ló ṣì ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kuningas. Àwọn tó ni ín ti gé e kúrú: kung ní Súwídìn, König ní Jámánì, king lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Fíńláǹdì kò gé ìrù rẹ̀.

Àbí wọn ò ní ọ̀rọ̀ fún ìyá tẹ́lẹ̀ ni? Wọ́n ní in o! Emä ni. Títí di òní, ema ni àwọn ìbátan wọn ní Ẹstóníà ń pe ìyá. Ní Fíńláǹdì, ìyá ẹran ni wọ́n wá ń fi í pè jù.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdílé èdè, kó má wo ojú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kó wo bí ìró ṣe ń bá ìró lọ. Ẹja ni kala ní Fíńláǹdì, hal ni ní Họ́ńgárì. Ẹ̀ta ni kolme, három ni lọ́hùn-ún. K níhìn-ín, h lọ́hùn-ún. Ìbátan nìyẹn! Ní 1770, Sajnovics, ọmọ Họ́ńgárì, kọ ọ́ sínú ìwé pé èdè tirẹ̀ àti ti àwọn Sámì, aládùúgbò Fíńláǹdì, ọmọ ìyá kan ni. Inú bí àwọn èèyàn rẹ̀: wọn ò fẹ́ ìbátan tó ń rùn bí ẹja. Ṣé ọjà ni wọ́n ti ń yan ìbátan ni?

Nítorí náà, ọ̀gá alákọ̀wé, ẹ fi ará Fíńláǹdì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó yá ìkòkò aládùúgbò kò tìtorí ẹ̀ di ọmọ ilé náà.