Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí àgbà bá pa òwe yìí, ọmọ ló máa ń bá wí: kó tún ìwà rẹ̀ ṣe nílé kó tó bọ́ sí gbangba. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà bá ilé pàápàá wí. Níbo lọmọ yóò ti rí ẹ̀ṣọ́ tí yóò kó ròde, bí kò bá sí ẹni tó fi sí i lọ́rùn nílé?

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí mi lọ́kàn níbi àjọ̀dún ìbejì Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, èyí tó ti ń kó èrò jọ láti 2018. Ọ̀dọ́ kan to àwọn àwòrán tó fi ọ̀dà kùn ti ògiri lẹ́bàá títì. Nínú ọ̀kan, Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti abọ́ àmàlà àti ìlasa. Ọbẹ̀ náà fà tín-ín-rín láti òkèlè ọwọ́ Táyé dé ti Kẹ́hìndé, bí okùn tó so wọ́n pọ̀. Ojú Táyé wà lára oúnjẹ. Kẹ́hìndé gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ ẹni tó ń wò ó. Àwọ̀ ìlasa yẹn, ẹni tó jẹ ẹ́ dàgbà nìkan ló lè pò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ pátákó fún onígbàjámọ̀ àti aránṣọ làdúgbò mọ ọ̀dọ́ náà sí. Àwọn àlejò ń dúró wò. Àwa ọmọ Ìbàràpá ń kọjá lọ.

Bẹ́ẹ̀ ìbejì kan wà tí ayé mọ̀ nídìí àwòrán: Táíwò Ọláníyì, Twins Seven Seven. Ó máa ń sọ pé ìgbà méje ni ìyá òun bí ìbejì, òun nìkan ló ṣẹ́kù. Oníjó lẹ́yìn ẹni tó ń kiri oògùn ni nígbà tó dé Òṣogbo ní 1964, tó yà sí Mbárí Mbáyọ̀, ilé tí Dúró Ládípọ̀ sọ di ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà ní 1962. Wọ́n gbà á síbẹ̀. Nígbà tí Georgina Beier, ayàwòrán òyìnbó, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán níbẹ̀, Táíwò mú kálámù àti tàdáwà, ó fi ìlà wẹ́wẹ́ ya iwin àti ẹranko kún bébà. Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná fún eré Ládípọ̀, di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Ní 2005, UNESCO fi oyè Oníṣẹ́-ọnà fún Àlàáfíà dá Táíwò lọ́lá.

Àwọn kan á ní òyìnbó ló gbé wọn jáde. Lóòótọ́, Georgina àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, sa ipá wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo ló ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀, àlọ́ tí wọ́n gbọ́ nílé ló sì kún bébà yẹn.

Ìbàràpá náà lè ṣe bíi ti Òṣogbo. Kí àwọn tó ń ṣètò àjọ̀dún ya ògiri kan sọ́tọ̀, kí ayàwòrán Erúwà, Ìdèrè àti Igbó-Ọrà kọ́ iṣẹ́ wọn sí i, pẹ̀lú orúkọ àti iye owó rẹ̀. Kí olùkọ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ wá wò ó. Kí àwa tó ń náwó sórí aṣọ ẹbí yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ ra àwòrán, torí ìyìn nìkan kì í ra ọ̀dà. Àlejò tó bá bá a lára ògiri pálọ̀ wa yóò bèèrè ẹni tó yà á. Ibẹ̀ lorúkọ ọmọ náà yóò ti mú ọ̀nà pọ̀n.