Pípa Adìẹ Òǹrorò Kì Í Parí Ìjà Agbo

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń sin adìẹ sẹ́yìnkùlé nílẹ̀ Yorùbá: bí àwọn àgbébọ̀ bá ń fìyà jẹ ara wọn, ìkà kan ló wà láàárín wọn, kí a ṣáà mú un, kí a dúńbú rẹ̀, ilé adìẹ á tòrò. Ọ̀pọ̀ adìẹ tí ara rẹ̀ le, tó ń yé déédéé, ló ti ti ipa ìgbàgbọ́ yìí wọ ìkòkò ọbẹ̀. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà.

Kò sí agbo adìẹ tí kò ní ipò. Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́ kí wọ́n tó sọ pé àkùkọ gàgàrà ni kì í jẹ́ kí kékeré ó kọ. Thorleif Schjelderup-Ebbe, ọmọ ilẹ̀ Norway tó ti ń ṣọ́ adìẹ láti kékeré, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nígbà tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní èdè Jámánì ní 1922. Ohun tó rí ni pé nínú adìẹ méjì tó mọ ara wọn, ọ̀kan ló máa ń fi ẹnu sọ èkejì, èkejì á sì yà fún un. Orí àti ogbe ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Ipò yìí kì í ṣe ìwà ìkà rárá. Òun gan-an ló ń dín ìjà kù. Bí kálukú bá ti mọ àyè rẹ̀, ọ̀gá kàn máa gbójú sókè ni, ọmọ ẹ̀yìn á sún, ẹ̀jẹ̀ kò ní í ta sílẹ̀.

Ká fi ìṣirò wò ó. Nínú agbo adìẹ 10 tí ipò wọn tò tààrà, adìẹ 9 ló ga ju èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá pa ọ̀gá wọn, 8 ṣì kù tó lè máa sọ ọ́ lórí. Igbákejì ọ̀gá á sì ti bọ́ sípò kí ọbẹ̀ tó jiná. Ìgbà mìíràn kò tilẹ̀ sí ọ̀gá kan pàtó: Schjelderup-Ebbe kọ ọ́ sílẹ̀ pé adìẹ kan lè borí èkejì, kí èkejì borí ẹ̀kẹta, kí ẹ̀kẹta sì padà wá borí ti àkọ́kọ́. Èwo ni a ó wá dúńbú nínú àwọn mẹ́ta yẹn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń burú sí i ni pé wọ́n á lọ ra òmíràn lọ́jà láti fi dípò èyí tí wọ́n pa. Àlejò kan ṣoṣo láàárín adìẹ 9 ní láti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 9 náà yanjú ọ̀rọ̀ ipò, gbogbo wọn á sì dojú kọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ó sàn kí a mú méjì tàbí mẹ́ta wọlé pa pọ̀, kí wáyà wà láàárín wọn àti àwọn onílé fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí wọ́n máa rí ara wọn láìfọwọ́ kan ara wọn. Alẹ́, nígbà tí adìẹ ti wọ̀ sùn, ni ó dára jù láti yọ wáyà náà.

Àṣìṣe mìíràn tún wà nínú ìgbàgbọ́ yìí: ó ka gbogbo ẹnu tí adìẹ ń fi sọ adìẹ sí ìjà. Orí ni ẹnu ìjà ipò máa ń bà, kì í sì í pẹ́. Adìẹ tó ń fa ìyẹ́ ẹ̀yìn tàbí ìyẹ́ ìrù ẹlòmíràn tu, tó ń gbé e mì, kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ tó yẹ kó máa tàn kò sí, ó wá ń tan ara ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń sọ nídìí. Bí àgbébọ̀ bá yé ẹyin, tí ìdí rẹ̀ ṣì yọ síta díẹ̀, pupa náà á fa ojú àwọn yòókù mọ́ra, wọ́n sì lè sọ ọ́ títí ìfun á fi jáde. Adìẹ kì í fi pupa ṣeré. Kò sí ọ̀kan nínú méjì ìkẹyìn yìí tí pípa ọ̀gá agbo lè wò sàn.

Oúnjẹ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Adìẹ fẹ́ràn láti jẹun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọpọ́n kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀ kan sọ ọ̀gá di oníbodè: ó dúró síbẹ̀, ó ń lé àwọn yòókù. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 1999 là sílẹ̀ létí ọpọ́n fún adìẹ kọ̀ọ̀kan tí kò sí nínú kéèjì, pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 15 lórí igi ìwọ̀sùn, ìtẹ́ kan fún adìẹ 7, kí adìẹ má sì ju 9 lọ ní ààyè mítà kan níbùú lóròó. Èyí tó kéré jù tí wọ́n gba olówò láyè láti ṣe nìyẹn, síbẹ̀ ilé adìẹ ẹ̀yìnkùlé púpọ̀ há jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọ́n méjì tó jìnnà síra wọn ti tó láti tú agbára ọ̀gá ká, nítorí adìẹ kan kò lè ṣọ́ ibi méjì.

Ohun tó wà nínú ọpọ́n náà ṣe pàtàkì. Ohun tó ń mú ara dàgbà nínú àgbàdo kò ju bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ adìẹ tó ń yé nílò bí ìdá 16. Adìẹ òyìnbó tí wọ́n ń fún ní àgbàdo àti èèrí nìkan, láìsí sóyà, láìsí ẹja lílọ̀, láìsí iyọ̀ tó tó, á wá àfikún lọ sínú ìyẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tó ń tàn wànrànwànràn títí ilẹ̀ á fi mọ́, àti ooru abẹ́ páànù, ń dá kún un. Ewébẹ̀ tí a so rọ̀ sókè, àti ilẹ̀ tí wọ́n lè tàn, ń gba ẹnu wọn kúrò lára ara wọn.

Àwọn kan á sọ pé ìwà wà nínú ẹ̀jẹ̀. Òótọ́ ni. William Muir ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà fi hàn nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1996 pé bí a bá ń yan ìdílé adìẹ tó ń ṣe dáadáa pa pọ̀ nínú kéèjì kan, dípò kí a máa yan adìẹ kọ̀ọ̀kan, ikú inú kéèjì á dín kù gan-an láàárín ìran díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìran lẹ́yìn ìran nìyẹn, kì í ṣe ti adìẹ kan tí wọ́n dúńbú lọ́jọ́ Sátidé.

Gígé ẹnu adìẹ pẹ̀lú abẹ kò sàn ju ọ̀bẹ lọ. Ẹnu náà ní iṣan tó ń mọ ìrora. Norway ti fòfin de gígé rẹ̀ láti 1974, Sweden láti 1988.

Bí ààyè bá tó, tí oúnjẹ pé, tí adìẹ kan kò sì jáwọ́, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ níbi tí kò ti ní í rí àwọn yòókù, fún ọjọ́ mélòó kan. Agbo á tún ipò tò láìsí i. Bó bá padà, bí àlejò ni yóò ṣe wọlé. Èyí tó ti ṣẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n yára yọ kúrò, kí wọ́n fọ egbò rẹ̀, kí wọ́n fi oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń pè ní GV kùn ún, kí pupa má bàa hàn. Adìẹ tí wọ́n bá dá padà kí egbò rẹ̀ tó gbẹ, ojú egbò yẹn náà ni àwọn yòókù yóò tún sọ.