Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Kí Íntánẹ́ẹ̀tì Wa Náà Rí Bẹ́ẹ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà ńlá mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Kò pẹ́ rárá tí íntánẹ́ẹ̀tì fi dákú ní Côte d'Ivoire, Làìbéríà, Benin àti Gánà. Ọwọ́ rẹ̀ ba Nàìjíríà náà, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà báǹkì kò rí owó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ báǹkì kọ́ ló bàjẹ́. Ibi tó jìnnà sí wa ni wáyà ti já. Àwọn kan kà á sí àjálù tí ẹnikẹ́ni kò lè dènà. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ìsàlẹ̀ òkun. Ṣùgbọ́n pé jàǹbá kan ṣoṣo tó láti da orílẹ̀-èdè púpọ̀ rú lẹ́ẹ̀kan náà, àfọwọ́fà ẹ̀dá ni, ẹ̀dá náà ló sì lè tún un ṣe.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìmọ̀ tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀. Nígbà tí Paul Erdős àti Alfréd Rényi, àwọn onímọ̀ ìṣirò ará Hungary, kọ̀wé lórí àsokọ́ra ní ọdún 1959, èyí tí a kàn fi gègé so pọ̀ ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Nínú irú rẹ̀, iye ìsopọ̀ ibì kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Ní 1999, Albert-László Barabási àti Réka Albert ní Yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn ojú-ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a so mọ́ra wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú-ewé tí ìsopọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ wà tí ìsopọ̀ wọn pọ̀ lápọ̀jù. Kò sí ìwọ̀n kan tó bá gbogbo wọn mu, ìyẹn ni wọ́n fi pè é ní àsokọ́ra aláìníwọ̀n. Àlàyé wọn kò le: àsokọ́ra ń dàgbà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a sì máa so mọ́ ibi tí àwọn mìíràn ti pọ̀ sí, bí àlejò ṣe ń yà sí búkà tí èrò kún. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, èyí tó tóbi ń tóbi sí i, títí yóò fi di oríta tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà ń gbà kọjá.

Ní ọdún 2000, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Hawoong Jeong dán irú àsokọ́ra bẹ́ẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n ń yọ ibikíbi tó bá ṣáà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ kúrò, kò mì, torí kékeré ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dojú kọ àwọn oríta ńlá, díẹ̀ ni wọ́n yọ kí ó tó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ohun tó fún un lágbára gan-an ló sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Irú oríta ńlá bẹ́ẹ̀ dákú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021: àṣẹ kan tó ṣìnà lásìkò àtúnṣe ẹ̀rọ ti Facebook, WhatsApp àti Instagram pa fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri àgbáyé.

Àwọn onímọ̀ kan ta ko ẹ̀kọ́ yìí. Ní 2019, Anna Broido àti Aaron Clauset yẹ àsokọ́ra tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún wò, wọ́n ní ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀rí tó lágbára jù pé ó tẹ̀ lé òfin ìṣirò tí a fi ń dá àsokọ́ra aláìníwọ̀n mọ̀. Àtakò gidi ni, ó sì yẹ kí á gbà pé wọ́n ti na òfin náà kọjá ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí òfin náà bá pé pérépéré kí ewu tó wà. Bí ibi díẹ̀ bá ti ń gbé ẹrù ọ̀pọ̀, ìṣubú wọn yóò di ti gbogbo ènìyàn.

Àwọn mìíràn yóò ní oríta ló ń dín owó kù, àti pé wáyà wa ti ń pọ̀ sí i. Èmi náà kò ní kí á wó oríta. Àmọ́ kí á rántí pé mẹ́rin ló já lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé ibì kan náà ni wọ́n gbà. Iye wáyà nìkan kò gbani. Kí ọ̀nà wọn jìnnà síra ló ń gbani. Equiano, wáyà Google tó dé Èkó ní 2022, kò já ní tirẹ̀, òun sì ni àwọn kan yà gbà kí iṣẹ́ wọn má bàa dúró.

Nítorí náà, kí àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ yéé fi iye wáyà yangàn. Kí wọ́n ya àwòrán ibi tí wáyà wa ti pàdé, lábẹ́ òkun àti ní Èkó tí púpọ̀ jù nínú wọn ti gúnlẹ̀. Kí ìjọba sọ ọ́ di dandan fún báǹkì, ilé ìwòsàn ńlá àti ilé iṣẹ́ fóònù láti ní ọ̀nà méjì tí kò pàdé níbì kankan, kí wọ́n sì máa ti ọ̀kan pa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá èkejì lè dá ẹrù náà gbé. Owó yóò lọ sí i, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá san án báyìí, oníṣòwò tí owó rẹ̀ há ni yóò máa bá wa san án nígbàkígbà tí wáyà bá tún já.