Ta Ló Ní Ọkùnrin Kì Í Bẹ̀rù Òkùnkùn?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, sì figbe ta. Àlejò kan tó wà nílé wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ, odindi ọkùnrin! Tó o bá tún sunkún, eégún á gbé ẹ lọ o!” Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ dákẹ́, àlejò rò pé òun ti wò ó sàn. Irọ́ ni! Ìtìjú ló dí i lẹ́nu, ẹ̀rù ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ìwé ọmọdé kan wà tí Bernard Waber, ará Amẹ́ríkà, kọ, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán inú rẹ̀. Ira Sleeps Over ni wọ́n ń pè é, ọdún 1972 ló jáde. Wọ́n ní kí Ira wá sùn nílé Reggie ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ira ní béárì kan, ọmọlangidi aláṣọ tó máa ń gbé sùn. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ní kó gbé e dání; arábìnrin rẹ̀ ní Reggie yóò fi í rẹ́rìn-ín. Ira bá fi béárì sílé. Ilẹ̀ ṣú, Reggie bẹ̀rẹ̀ ìtàn iwin, ẹ̀rù sì ba òun alára. Ó fa dúrọ́ọ̀ ṣí, ó gbé béárì tirẹ̀ jáde! Ni Ira bá dìde lóru, ó lọ gbé tirẹ̀ wá.

Ẹ wò ó dáadáa. Kí òkùnkùn tó dé ni ẹ̀rù ẹ̀sín ti ń dààmú Ira. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tijú fún, béárì lòun náà tọ́jú sí dúrọ́ọ̀!

Àwọn kan yóò ní àṣà òyìnbó nìyẹn, pé ó ń sọ ọmọkùnrin di ojo. Ó dáa. Nígbà tí wọ́n ń pàlọ́ fún wa lálẹ́, tí iwin inú igbó ń gba ẹnu ìyá àgbà jáde, ta ló dá jókòó? Ṣebí ńṣe la ń há mọ́ra wa bí ọmọ adìẹ, tí a jọ ń gbe orin. Kò sẹ́ni tó fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́, torí gbogbo wa la jọ ń gbọ̀n. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Èwo ló sọ wá di ojo níbẹ̀?

Àwa àgbà ńkọ́? Bí nǹkan bá dún gbì lóru, ṣé a kì í jí ẹni tó sùn tì wá? “Ṣé o gbọ́ nǹkan tí mo gbọ́?” Kí ló dé tí a fi ń fi èyí du ọmọdé?

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo sọ fọ́mọ mi pé èmi náà bẹ̀rù òkùnkùn rí. Ó tẹjú mọ́ mi: “Dádì, ẹ̀yin náà?” Kò pẹ́ tó fi sùn lọ.

Ènìyàn laṣọ, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ ń dẹ́rù ba ọmọ kó lè sùn, ẹ dákun, ta ní ń rí oorun sùn nínú ẹ̀rù?