Ẹ Má Fi Ìpàdé Mọ̀lẹ́bí Dá Iṣẹ́ Abẹ Màmá Dúró

Bí àgbàlagbà bá ṣubú tí kò lè dìde, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kúrú tí ó yí síta, ó ṣeé ṣe kí eegun itan rẹ̀ ti dá níbi ìgbáròkó. Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo sábà ń rí láàárín àwọn ìdílé wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé, kí dókítà tó sọ̀rọ̀ tán, ìjíròrò ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifóònù: ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Ìbàdàn kọ́kọ́ gbọ́, wọn kò gbọdọ̀ ki irin bọ Màmá lára, ẹ jẹ́ kí a gbé wọn lọ sílé, àwọn tí ń to eegun ń bẹ níbẹ̀.

Èmi kò kẹ́gàn àwọn tí ń to eegun. Ṣùgbọ́n igi tí a ń dì mọ́ apá tàbí ojúgun kò lè di ìgbáròkó mú. Ìdùbúlẹ̀ ni yóò kù, òun ni ó sì ń fa egbò ẹ̀yìn, òtútù àyà àti ẹ̀jẹ̀ dídì. Ìdí nìyí tí ìlànà NICE ti 2011 fi ní kí a ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọjọ́ tí aláìsàn dé tàbí ní ọjọ́ kejì.

Irin náà kì í ṣe oríṣi kan. Bí ọrùn eegun itan bá dá tí ó sì yẹ̀, iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí eegun lè já, kí orí náà sì kú. Wọn a yọ ọ́, wọn a fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó ń dá rìn dáadáa tẹ́lẹ̀ lè gba oríkèé tuntun lódindi. Bí kò bá yẹ̀, ìṣó tí a ń yí wọlé lè tó. Bí ó bá jẹ́ nísàlẹ̀ ọrùn, ìṣó ńlá kan àti irin pẹlẹbẹ ni wọ́n sábà fi ń dè é. Bí ó bá tún lọ sísàlẹ̀ sí i, ọ̀pá irin ni wọ́n ń tì bọ ihò mùdùnmúdùn. Ẹ bi dókítà: irú wo ni ti Màmá, kí ni ìdí tí ẹ fi yan èyí?

Ta ni yóò wá fọwọ́ sí i? Màmá fúnra wọn ni. Bí làákàyè wọn bá pé, òfin kò fún ọkọ tàbí àkọ́bí láṣẹ láti gbà tàbí láti kọ̀ fún wọn. Mo mọ̀ pé èyí le létí wa. Síbẹ̀, mo ti rí ìyá tí ó dákẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àwọn ọmọ ń jiyàn lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bi í ní ohun tí ó fẹ́. Bí Màmá kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ ilé ìwòsàn, wọn kì í gbowó rẹ̀. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ọmọ túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n pè é kí ìwé ìfọwọ́sí tó dé.